Ààrò Mẹ́ta: Ìjẹ́wọ́ Bàbá Kan lórí Iṣẹ́ Ìdáná

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé ìrántí yìí kọ̀wé sí wa pé kí a kọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí iṣẹ́ tí ènìyàn lè yàn láàyò, a kó àwọn ìwé ìrántí àtẹ̀yìnwá tí a ní nílé jáde, a sì yẹ̀ wọ́n wò. Àwòrán àwọn dókítà wà níbẹ̀, ti àwọn agbẹjọ́rò wà níbẹ̀, ti àwọn ẹnjiníà àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wà níbẹ̀, àwa òjíṣẹ́ Ọlọ́run náà kò sì gbẹ́yìn. A kò rí àwòrán alásè kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí àjọ̀dún kan tí a ṣe rí tí àwọn alásè kò ti jí dáná lẹ́yìn gbọ̀ngàn kí àkùkọ tó kọ. A máa ń jẹ tán, a máa ń mu tán, a ó yin olùbánisọ̀rọ̀, a ó yin àwọn akọrin, a ó sì gba ilé wa lọ.

Ìdí nìyí tí a fi yàn láti kọ̀wé lórí iṣẹ́ oúnjẹ sísè, pàápàá lórí bí ọ̀dọ́ tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìdáná jáde ṣe ń rí iṣẹ́ ṣe. Kì í ṣe pé àwa jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ Bíbélì ni a kọ́ ní sẹ́mínárì. Bí a bá sì fi wá sílẹ̀ nínú ilé ìdáná, omi gbígbóná ni agbára wa mọ. Gbèsè ni a jẹ, a sì fẹ́ san díẹ̀ nínú rẹ̀ níwájú ẹ̀yin tí a jọ jẹun nínú ìkòkò kan náà.

Ẹ̀yin tí a jọ gbé inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ yìí láàárín ọdún 1972 sí 1976 yóò rántí Bàbá Kúùkù. Igi ni wọ́n fi ń dáná, òjò a sì máa pa igi náà nígbà mìíràn títí èéfín yóò fi bo gbogbo àgbàlá. Ní agogo mẹ́rin òwúrọ̀, nígbà tí ọyẹ́ Ìpetu bá mú tí àwa ká jọ sínú aṣọ ìbora, wọn yóò ti máa fẹ́ iná. Ìkòkò ẹ̀wà wọn tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní lè jókòó sínú rẹ̀. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni agolo mílíkì kan tí ó ti dógùn-ún, síbẹ̀ a kò jẹ oúnjẹ wọn kí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù tàbí kí ó dín rí. Àwọn àti obìnrin méjì tí ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni wọ́n ń bọ́ gbogbo wa lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́.

Kí ni a fi san án fún wọn? Ẹ̀fẹ̀ ni. A sọ wọ́n lórúkọ tí kò yẹ kí a tẹ̀ sínú ìwé yìí. Bí ọ̀kan nínú wa bá ṣẹ̀, ìkòkò ni yóò lọ fọ̀, nítorí náà ilé ìdáná di ibi ìjìyà lójú wa. Bí ọmọ kan kò bá sì mọ ìwé, àwa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ní kí ó lọ bá Bàbá Kúùkù kọ́ṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣẹ̀fẹ̀ nígbà náà wọ inú egungun wa. A gbé e kúrò ní Ìpetu, a gbé e dé sẹ́mínárì, a sì gbé e wọ inú ilé tí a ti di ọkọ àti bàbá.

Ọlọ́run fún wa ní ọmọ mẹ́rin. Èkejì wọn, ọkùnrin, fẹ́ràn ìdáná láti kékeré. Òun ni ó ń bá ìyá rẹ̀ lọ ata, òun ni ó ń bá a ṣa ẹ̀fọ́. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá tí ó ti mọ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àlejò fi ń kí ìyá rẹ̀ fún ohun tí kò fọwọ́ kàn. Ìyá rẹ̀ a rẹ́rìn-ín, àwa a sì dákẹ́.

Nígbà tí ó ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì lẹ́ẹ̀mejì tí kò rí ààyè nínú ẹ̀kọ́ òfin tí àwa fẹ́, ó wá dọ̀bálẹ̀ níwájú wa, ó ní òun fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa hótẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ sísè ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. A ní, "Ọmọ Rẹ́fẹ́rẹ́ǹdì ni yóò lọ di kúùkù?" Ó ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ. N kò ní dójú tì yín." Ìyá rẹ̀ bá a bẹ̀ wá, a sì gbà, ṣùgbọ́n ọkàn wa kò sí níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé kí ni ọmọ wa ń kọ́, a máa ń dáhùn pé ẹ̀kọ́ ìṣàkóso ni. Irọ́ kọ́ ni pátápátá, nítorí ìṣàkóso wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ìdí tí a fi ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe eré. Ọdún méjì ni ND, ọdún kan fún ìkọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ọdún méjì mìíràn fún HND, kí ó tó lọ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún ọdún kan gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Wọ́n kọ́ ọ ní ìmọ́tótó, oúnjẹ aṣaralóore, ìṣirò owó oúnjẹ, ọbẹ̀ àwọn ará Faransé, búrẹ́dì àti àkàrà òyìnbó, bí a ṣe ń tẹ́ tábìlì àti bí a ṣe ń gba àlejò. A rò pé ọjọ́ tí ó gba ìwé-ẹ̀rí ni ọ̀rọ̀ parí. Ọjọ́ náà gan-an ni ó bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 2016 ni ó parí ìsìnrúùlú. Ẹni tí ó bá rántí ọdún náà mọ̀ pé ọrọ̀ ajé Nàìjíríà fà sẹ́yìn, owó oṣù sì nira láti san ní ọ̀pọ̀ ibi. Ó di ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sínú fáìlì, ó gba Òṣogbo lọ, ó gba Ìbàdàn lọ, ó sì dé Èkó. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi í níbi gbogbo: "Níbo lo ti ṣiṣẹ́ rí?" Bí ó bá fa ìwé-ẹ̀rí yọ, wọn a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn a gbé àlùbọ́sà lé e lọ́wọ́ pé kí ó gé e kí àwọn wò ó.

Ilé oúnjẹ kan ní Òṣogbo ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò dáadáa. Ìyá kan ni ó ni ín, àwọn fúnra wọn kò sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìdáná kankan. Wọ́n ní kí ọmọ wa se ẹ̀fọ́ rírò fún ogójì ènìyàn kí agogo méjìlá tó lù. Ó ń wọn ata, ó ń wọn epo, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹ̀fọ́ náà dùn. Ṣùgbọ́n agogo kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó tó jinná, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n wá jẹ oúnjẹ ọ̀sán sì ti jẹ ìrẹsì lọ. Ìyá náà tọ́ ọ wò, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹnu rẹ mọ oúnjẹ, ọwọ́ rẹ ni kò tíì mọ̀ ọ́n. Bí o bá lè fọ abọ́ lọ́dọ̀ mi fún oṣù mẹ́ta, kí o máa wò wá, màá gbé ọ dé ìdí ààrò."

Ó délé, ó sọ fún wa. Inú rẹ̀ ń dùn. Àwa bínú. A ní, "Ẹni tí ó gba HND ni yóò máa fọ abọ́ fún ìyá olóúnjẹ?" A ní kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀. Kò sì padà.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, hótẹ́ẹ̀lì kan ní Ìbàdàn pè é. Wọ́n dán an wò, ó yege, wọ́n sì fún un ní fọ́ọ̀mù onígbọ̀wọ́ méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ti wáṣẹ́ rí mọ ìwé náà: ẹni tí yóò fọwọ́ sí i yóò ṣe ìlérí pé òun mọ ọmọ yìí, àti pé bí ó bá jalè tàbí bí ó bá sá lọ, òun ni kí wọ́n bi. Wọ́n gbà kí òbí fọwọ́ sí ọ̀kan, bí ó bá jẹ́ ẹni tí àwùjọ mọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, buwọ́ lu èkíní. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé èkejì fún wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, bí a ti ń múra ìwàásù.

A bi í bóyá wọ́n ń ta ọtí níbẹ̀. Ó ní hótẹ́ẹ̀lì ni, wọ́n ń tà á, ṣùgbọ́n ilé ìdáná ni òun yóò wà. A ní orúkọ tí ó wà lára pátákó ìjọ Ọlọ́run kò lè wà lára ìwé ilé ọtí. Kò bá wa jiyàn. Ó ní, "Ó dáa, bàbá mi." Ó ká ìwé náà, ó sì fi í sápò. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fún un. Kí ó tó rí ẹlòmíràn tí yóò dúró fún un, wọ́n ti gba ẹlòmíràn sípò rẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ ni ó fi jókòó sílé lẹ́yìn èyí. Ìyá rẹ̀ ni ó ṣàkíyèsí ohun tí ojú wa kò rí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó bi wá bóyá a mọ̀ pé ọmọ náà kì í wọ ilé ìdáná mọ́. Òótọ́ ni. Ọmọ tí ó máa ń gún iyán sílẹ̀ dè wá kí a tó ti ìsìn dé ní ọjọ́ Ìsinmi wá di ẹni tí ń jẹ ohunkóhun tí wọ́n bá gbé ka iwájú rẹ̀. Kì í sọ pé ó dùn, kì í sì í sọ pé kò dùn.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, a lọ sí ìpàdé àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní ìlú kan. Hótẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi wá wọ̀ sí, nítorí ibẹ̀ ni ààyè tó wa. Wọ́n ń ta ọtí níbẹ̀. A rí i, a sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí ibi oúnjẹ àárọ̀. Àwa gan-an ni wọ́n ní kí a gbàdúrà sí oúnjẹ náà. Bí a ti ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó dé fìlà funfun jáde láti inú ilé ìdáná, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì wa, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbàdúrà fún mi. N kì í ráyè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn tí wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń dáná fún."

A gbé ọwọ́ lé e lórí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu wa. Ẹni tí ó jókòó tì wá ni ó bá wa gbàdúrà náà. Ohun tí ó wà lọ́kàn wa ni pé ẹnìkan ti fọwọ́ sí ìwé ọmọ yìí kí àwa tó lè rí oúnjẹ jẹ, ọmọ tiwa sì wà nílé nítorí pé bàbá rẹ̀ kò fọwọ́ sí tirẹ̀. Ọtí tí a kò fẹ́ kí ọmọ wa ṣiṣẹ́ nítòsí rẹ̀, àwa sùn sí yàrá òkè rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọdún mélòó ni a ti fi wàásù nípa Dáníẹ́lì tí ó sin ọba abọ̀rìṣà ní Bábílónì tí kò bà á jẹ́? A gbà fún Dáníẹ́lì, a kò gbà fún ọmọ tí a bí.

A délé, a pe ọmọ wa jókòó. Kò rọrùn fún bàbá ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun ni òun jẹ̀bi. A sọ ọ́. Ó dorí kodò pẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Bàbá mi, ẹ má bẹ̀ mí. Bí òmíràn bá dé, kí ẹ ṣáà bá mi fọwọ́ sí i."

Òmíràn kò tètè dé. Ọmọ wa padà tọ ìyá olóúnjẹ ti Òṣogbo lọ, àwa sì sìn ín lọ lọ́jọ́ náà. Ìyá náà wò wá láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ni bàbá tí kò fẹ́ kí ọmọ fọ abọ́?" A ní àwa ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé iyán ka iwájú wa. Ọmọ wa fọ abọ́ fún oṣù mẹ́ta pé. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sídìí ẹ̀fọ́, ó bọ́ sídìí ẹran, ó sì wá bọ́ sídìí ààrò. Nígbà tí ilé ìdáná yunifásítì kan tí ó jẹ́ ti ìjọ Kristẹni ń wá alásè, ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá náà ni ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Wọ́n fún un ní wákàtí méjì láti dáná fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Ó parí kí àkókò tó pé. Wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù onígbọ̀wọ́, a sì fọwọ́ sí i kí táàǹkì kan tó gbẹ lára pẹ́ẹ̀nì wa.

Ibẹ̀ ni ó wà títí di òní, òun sì ni igbákejì olórí alásè. Kò lówó rẹpẹtẹ. Àpá iná wà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń jẹ, ó ti gbéyàwó, ó sì ti padà ń bá wa jiyàn lórí bí iyọ̀ ṣe yẹ kó tó nínú ọbẹ̀. Hótẹ́ẹ̀lì Ìbàdàn kò pè é mọ́, ọdún tí a mú kí ó ṣòfò kò sì padà.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní ilé ẹ̀kọ́ yìí lónìí, àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ohun tí a rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ààrò mẹ́ta ni ó ń gbé ìkòkò ẹni tí ń wá iṣẹ́ ìdáná ró: ìwé-ẹ̀rí, ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́, àti ẹni tí yóò dúró fúnni.

Ẹ má ṣe kẹ́gàn ìwé-ẹ̀rí. Ní ọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ fi iṣẹ́ ọwọ́ 34 kún ẹ̀kọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà, oúnjẹ sísè sì wà lára wọn nígbà náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè ṣe é nínú ìdánwò NABTEB, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992. Ẹni tí ó bá kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá lè ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kẹta dé ìpele kìn-ín-ní. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe wà fún ẹni tí ó fẹ́ lọ jìnnà. Èyí tí ó wà ní Yábàá ní Èkó ti wà láti 1947, wọ́n sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí níbẹ̀. Ìwé ni yóò jẹ́ kí a lè gbé ọ ga lẹ́yìn ọ̀la, nígbà tí wọ́n bá ń wá ẹni tí yóò ṣírò owó oúnjẹ tí yóò sì ṣàkóso àwọn ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí kì í se ọbẹ̀. Láti ọdún 1973 ni ètò SIWES ti wà, èyí tí ó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó gba oyè. Àwọn kan ń lo oṣù wọ̀nyẹn nílé, wọn a sì wá ẹni tí yóò bá wọn fọwọ́ sí ìwé pé wọ́n ṣiṣẹ́. Ara wọn ni wọ́n ń tàn, nítorí oṣù wọ̀nyẹn ni ìdáhùn sí ìbéèrè "Níbo lo ti ṣiṣẹ́ rí?" Bí a bá pè ọ́ fún ìdánwò, dé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, gé èékánná rẹ, mú ọ̀bẹ tìrẹ dání bí o bá ní in, kí o sì mọ̀ pé bí o ṣe nu tábìlì lẹ́yìn iṣẹ́ wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Bí wọ́n bá ní kí o bẹ̀rẹ̀ láti ìdí abọ́, bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tọ àwọn alásè òde lọ, àwọn tí ń fi igi dáná ìrẹsì fún ẹgbẹ̀ta ènìyàn lábẹ́ oòrùn. Kò sí kíláàsì tí a ti ń kọ́ ìyẹn.

Ẹ má rò pé hótẹ́ẹ̀lì nìkan ni iṣẹ́ wà. Ẹ wo àyíká wa. Ẹ̀ka Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà nílùú wa níhìn-ín. Yunifásítì Joseph Ayọ̀ Babalọlá wà ní Ìkẹ́jì-Arákeji nítòsí wa láti 2006. Àwọn àlejò ń wá wo omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Gbogbo ibi tí ènìyàn bá péjọ sí ni ebi ti ń pa wọ́n. Nígbà tí ìpínlẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ ètò O-MEALS ní 2012, láyé Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, obìnrin tí ó lé ní 3,000 ni ó rí iṣẹ́ nínú dídáná fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tí ń sin adìyẹ àti ẹja náà sì rí ọjà tà. Ilé ìwòsàn ń wá alásè tí ó mọ oúnjẹ aláìsàn. Ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀ ń wá wọn pẹ̀lú.

Ẹ má sì fojú tín-ínrín oúnjẹ tí ìyá yín kọ́ yín. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, Adejoké Bakare, ọmọ Nàìjíríà tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, di obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tí ilé oúnjẹ rẹ̀ gba ìràwọ̀ Michelin, èyí tí í ṣe ọ̀kan nínú ọlá tí ó ga jù lọ nínú iṣẹ́ yìí. Chishuru ni orúkọ ilé oúnjẹ náà, oúnjẹ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ó sì ń sè níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́. Ó ti ń dáná fún àwọn àlejò kí ó tó ní ilé oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ nínú yín sì mọ Hilda Baci, tí ó dáná fún wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 ní Èkó ní oṣù Karùn-ún 2023. Ìdùnnú ni ìyẹn, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ni. Iṣẹ́ alásè jẹ́ ti ojoojúmọ́. Ẹni tí ó bá sì ń kọ́ ìdáná kìkì nítorí àti lọ sí ìlú òyìnbó, kí ó ṣọ́ra. Láti oṣù Keje 2025, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti yọ iṣẹ́ alásè kúrò lára àwọn iṣẹ́ tí wọ́n fi ń fún òṣìṣẹ́ tuntun láti ilẹ̀ òkèèrè ní ìwé àṣẹ ìwọlé. Kọ́ ọ nítorí pé o fẹ́ràn rẹ̀, kí ó lè bọ́ ọ níbikíbi tí o bá wà.

Ààrò kẹta kò sí lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ọmọ. Ọwọ́ àwa àgbà ni ó wà. Ọmọ wa ní ìwé-ẹ̀rí, ọwọ́ rẹ̀ sì ń bọ̀ sípò. Àwa ni a yọ ààrò kẹta kúrò tí ìkòkò rẹ̀ fi dojú dé. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run ẹlẹgbẹ́ wa, bí ọmọ kan bá mú ìwé onígbọ̀wọ́ wá, ẹ má fi ìtìjú yín dá a lóhùn. A kò sọ pé kí ẹ fọwọ́ sí i láìwò. Ẹ béèrè irú ilé tí ó jẹ́, ẹ béèrè iye owó oṣù, ẹ béèrè bí ọmọ yóò ṣe padà wálé bí iṣẹ́ bá pẹ́ dalẹ́, pàápàá bí ó bá jẹ́ obìnrin. Bí ohun tí ẹ gbọ́ bá dára, ẹ dúró fún un, kí ẹ sì máa gbàdúrà fún un. Ọmọ tí a bá tọ́ dáadáa lè mú ìmọ́lẹ̀ wọ inú ilé ìdáná hótẹ́ẹ̀lì.

Sí ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni a ní. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ilé ìdáná ìkẹ́kọ̀ọ́ kan sí ọgbà yìí, tí ó ní ààrò gáàsì, omi ẹ̀rọ àti fíríìjì, kí ọmọ má máa kọ́ ìdáná lójú pátákó ìkọ̀wé. Ẹ̀yin tí ẹ ní hótẹ́ẹ̀lì tàbí ilé oúnjẹ nínú wa, ẹ fún ẹgbẹ́ ní orúkọ yín, kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yìí tí ó bá ń wá ibi ìkọ́ṣẹ́ lè ní ẹnu ọ̀nà tí yóò kàn. Ẹ̀kẹta kò ní ná wa ní kọ́bọ̀: ní ọjọ́ àjọ̀dún, kí a tó gbàdúrà ìparí, kí a pe àwọn tí ó dáná wá síwájú, kí a dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì dìde dúró kí wọn.

Lẹ́yìn tí Olúwa wa jí dìde, ó dúró létí òkun Tìbéríà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti fi gbogbo òru ṣiṣẹ́, ebi sì ti ń pa wọ́n. Ẹni tí ó ṣẹ́gun ikú kò kọ́kọ́ wàásù fún wọn. Iná ẹ̀yinná ni ó ti dá sílẹ̀ dè wọ́n, pẹ̀lú ẹja lórí rẹ̀, àti búrẹ́dì. A ti wàásù lórí ìtàn yìí ju ogún ìgbà lọ kí a tó rí i pé ìdáná ni Olúwa wà.

Bàbá Kúùkù ti kú tipẹ́. Nígbà tí a fẹ́ kọ orúkọ wọn sínú ìwé yìí, a ké sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa mẹ́fà lórí fóònù. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n nínú wa. Ọdún márùn-ún ni a fi jẹ nínú ìkòkò wọn, a kò sì béèrè orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n.